Ìyàwó Kì Í Rìfáàsì

Bí ẹ bá ń lọ sí Sẹ̀mẹ̀, tí ẹ dé Gbaji, tí òórùn ẹja yíyan gbà yín nímú kí ẹ tó rí ẹnikẹ́ni, ẹ ti dé ọ̀dọ̀ mi nìyẹn. Àgbá mẹ́ta tó ń rú èéfín lábẹ́ igi fúrúùtù lẹ́bàá títì, èmi Mọ̀dínátù ni mo ni wọ́n. Àwọn èèyàn a máa bi mí pé báwo ni ọmọ etí ọ̀sà ẹ̀yìn Aradagun ṣe wá di ará Gbaji. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ọkọ̀ ló gbé mi kọjá ilé ọkọ. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ra ẹja, wọ́n á máa lọ. Wọ́n rò pé mò ń fi ọ̀rọ̀ polówó ọjà ni.

Mo ti lọ ilé ọkọ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó pàdé Dúródọlá. Lẹ́ẹ̀kíní, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń gbé mi lọ sí Topo. A ti dé agbami kí ìyá mi tó rántí pé a gbàgbé ọmọ odó sílé. Wọ́n ṣẹ́rí ọkọ̀ padà, a mú ọmọ odó, a tún kọrin lọ. Kò pé oṣù mẹ́ta tí èmi àti ọmọ odó náà fi jọ padà sílé bàbá mi. Lẹ́ẹ̀kejì, bàtà ni. Ẹsẹ̀ kan bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo bá sáré padà lọ wọ̀ ọ́. Ọkọ ìyẹn ní òun fẹ́ lọ wá iṣẹ́ sí Gàbọ́ọ̀nù. Títí di òní, ó ṣì ń wá iṣẹ́ náà.

Láti ìgbà yẹn ni Àǹtí Nurat, àbúrò ìyá mi, ti tẹjú mọ́ mi. Òun ló kù tó ń ṣe ìyá fún mi, kò sì sí ọkùnrin ilé wa tó ń jiyàn pẹ̀lú rẹ̀. Ó ní gbogbo ilé ló mọ̀ pé ìyàwó tó bá ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lójúlé bàbá rẹ̀ kì í padà, ìbáà ṣe wúrà ló gbàgbé. Iwájú ni, iwájú ni, títí ìyá ọkọ yóò fi bu omi sí i lẹ́sẹ̀. Ibi tí omi bá ti kan ẹsẹ̀ ìyàwó, ibẹ̀ nilé ọkọ rẹ̀. Àwa la fi ọmọ odó àti bàtà ba tèmi jẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá tún máa fẹ́ mi, Àǹtí Nurat ní kò gbọdọ̀ sí ẹ̀yìn nínú ìrìn náà rárá, nítorí ìgbà kẹta kò ní àfikún.

Ìgbà àwọn sójà nìgbà náà. Wọ́n ti ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ pa. Ọṣẹ ń wọ́n, ṣúgà di ohun tí à ń júwe fún ọmọdé. Wọ́n ní kí gbogbo ọmọ ilẹ̀ yìí máa tò fún ohunkóhun tó bá fẹ́, àwa náà sì ń tò. Ìtò wá wọ̀ wá lára débi pé ní ọjọ́ kan ní Badagry, mo rí ìlà kan, mo lọ dúró sẹ́yìn rẹ̀ láì béèrè ohunkóhun. Nígbà tí mo dé iwájú ni mo rí i pé ṣalánga la tò sí. Mo kúkú wọlé, mi ò kúkú ní fi ìdúró mi ṣòfò.

Ní ìgbà yẹn ni wọ́n dá Dúródọlá dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ Èkìtì ni, awakọ̀ ni fún àwọn òyìnbó tó ń la títì. Ọkùnrin gìrìwò ni, ikùn rẹ̀ a máa ṣáájú rẹ̀ wọlé, àmọ́ ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ògì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú tipẹ́. Nígbà tí àwọn òyìnbó ń lọ, wọ́n fi píkọ́ọ̀pù ńlá kan sílẹ̀ fún un, ọkọ̀ Amẹ́ríkà, tí ipẹtà ti jẹ ìdí rẹ̀. Ọkọ̀ yẹn ló ń fi kó ẹja wa lọ sí Badagry. Ìgbàkígbà tó bá gbé mi, jẹ́jẹ́ bí ìṣísẹ̀ èèyàn ni yóò máa wakọ̀, nítorí ó ní bí òun bá sáré, orin mi kò ní parí ká tó dé. Ní ọjọ́ kan orin náà parí, ọ̀nà ò tíì tán, ló bá ní ṣé mo máa fẹ́ òun.

Mo fẹ́ ọkùnrin náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ orí mi ti kọjá ti ẹni tó ń tijú. Ilé rẹ̀ wà lẹ́bàá títì, kí èèyàn tó wọ Badagry; òun àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé ibẹ̀.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni àwọn àgbá mi. Mo ní àgbá mẹ́ta tí mo fi ń yan ẹja. Èmi fúnra mi ni mo fi amọ̀ tẹ́ inú wọn, mo fọwọ́ ra á bí ẹni ń ra ara ọmọ tuntun. Wọ́n wúwo, àmọ́ ẹja tó bá jáde nínú wọn, ojú rẹ̀ a máa dán bíi pé ó ti lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mo ní ibi tí mo bá ń lọ, wọ́n ń bá mi lọ. Àǹtí Nurat sì ní nígbà tí ìyàwó kì í padà wá kó ẹrù, èmi, àwọn àgbá, àpótí aṣọ, ọmọ odó, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni gbogbo wa máa kúrò.

Àfi bí ẹ bá mọ etí ọ̀sà wa lẹ máa mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Láti ojúlé bàbá mi dé títì, òkè iyanrìn ni, iyanrìn tí ẹsẹ̀ ewúrẹ́ pàápàá ń rì sí. Ọgbọ́n kan ṣoṣo tí ọkọ̀ fi ń gùn ún ni kó lọ síwájú díẹ̀, kó padà sẹ́yìn díẹ̀, kó tún fi agbára rọ́ lọ síwájú. Gbogbo awakọ̀ tó ń ná ọ̀dọ̀ wa ló mọ̀ ọ́n. Dúródọlá wá ṣàlàyé ọgbọ́n yìí fún Àǹtí Nurat pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀. Àǹtí Nurat gbọ́ ọ títí dé òpin, ó wá béèrè pé kí ni wọ́n ń pe èyí tó ń padà sẹ́yìn yẹn. Dúródọlá ní rìfáàsì ni.

Àǹtí Nurat sọ pé, "Ìyàwó kì í rìfáàsì."

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Bí píkọ́ọ̀pù bá lè gbé èmi àti ẹrù mi gun òkè iyanrìn náà láì padà sẹ́yìn, Dúródọlá ní ìyàwó. Bí kò bá lè gùn ún, kó máa kó ẹja lọ.

Bó ṣe di pé Dúródọlá gbé ọkọ̀ lọ bá Sẹ̀tọ́njí nìyẹn. Ọmọ Ègùn ni Sẹ̀tọ́njí, Àjàṣẹ́ ní òdìkejì ẹnubodè ló ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, abẹ́ igi àgbọn ní Aradagun ló sì ti ń ṣe é. Bó bá ń sọ Yorùbá, Ègùn a máa yọjú nínú rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ọmọ tó yọ lábẹ́ aṣọ ìpọ̀nmọ́. Ó ṣí orí ẹ́ńjìnnì, ó wò ó, ó sì pe gbogbo wa pé ká wá wo nǹkan.

Òyìnbó tó kọ́kọ́ ni ọkọ̀ yẹn fẹ́ràn eré sísá létí òkun. Ó ti gbé ẹ̀rọ kan ka orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, èyí tó ń fa atẹ́gùn, tó sì ń fi agídí tì í wọ inú ẹ́ńjìnnì, bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń fi ẹwìrì fẹ́ iná. Ẹwìrì lèmi ń pè é láti ọjọ́ náà. Sẹ̀tọ́njí ní ẹwìrì yìí ń sùn ni. Bẹ́líìtì ló ń yí i, bẹ́líìtì sì ń gba orí àgbá kékeré kan kọjá, tí wọ́n ń pè ní púlì. Púlì ti orí ẹwìrì tóbi jù, ìdí nìyẹn tó fi ń yí jẹ́jẹ́. Bí òun bá yọ ọ́, tí òun fi èyí tó kéré síbẹ̀, ẹwìrì yóò máa yí kíákíá, atẹ́gùn yóò pọ̀, ọkọ̀ yóò sì lágbára ju ti àtijọ́ lọ.

Ó mú púlì náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń gé irin ní Badagry, wọ́n sì gé púlì tuntun kan fún un, kékeré báyìí, bí ọmọrí ìkòkò ọbẹ̀ ọmọ aládàágbé. Ọjọ́ tó dè é mọ́ ọn, ìdí àgbá mi ni mo wà tí mo ti gbọ́ ọ. Ọkọ̀ náà ń súfèé. Bí Dúródọlá bá tẹ iná, súfèé náà a gòkè. Bó bá gbẹ́sẹ̀, a sọ̀ kalẹ̀. Mo ti ń kọrin láti kékeré, kò sí ọkọ̀ tó bá mi gbè é rí. Mo fi ẹja sílẹ̀, mo bọ́ síta:

Ọkọ̀ Dúródọlá ń súfèé,
Fèé, fèé.
Ta ló ń pè tí kò dárúkọ?
Fèé, fèé.
Èmi ló ń pè, mo ti gbọ́,
Fèé, fèé.
Kó má pè mí mọ́, mò ń bọ̀,
Fèé, fèé.

Àwọn obìnrin etí ọ̀sà jáde tán. Dúródọlá kó àpò iyanrìn sẹ́yìn ọkọ̀ kó lè wúwo tó ẹrù mi, ó sì dojú kọ òkè. Súfèé dé ojú ọ̀run. Ọkọ̀ gùn ún dé ìdajì bí ẹni tí wọ́n ń lé, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó wú ikọ́ gbígbẹ, ó yín ìbọn kan nídìí sàlẹ́ńsà, ó dákẹ́. Àǹtí Nurat ń rin orín rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó tu orín sílẹ̀, ó sì wọlé. Mo mọ ohun tí títu yẹn ń sọ.

Sẹ̀tọ́njí kò rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní èmi tí mò ń yan ẹja, bí mo bá ń fẹ́ iná kíkankíkan tí igi kò sì sí nínú rẹ̀, kí ló máa ṣẹlẹ̀. Mo ní eérú ló máa fẹ́ bo ẹja. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Òun ti fún ọkọ̀ ní atẹ́gùn, àmọ́ pọ́ǹpù tó ń fa epo wá láti inú táǹkì ti darúgbó, ńṣe ló ń fi epo tọ́ ọ lẹ́nu bí ẹni ń mu àgúnmu. Pọ́ǹpù ńlá ni ọkọ̀ náà fẹ́, èyí tó ń fi iná bátìrì ṣiṣẹ́. Èyí tó dára wà ní Àjàṣẹ́. Ẹnubodè sì rèé, wọ́n ti tì í pa.

Mo kọrin díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn, orin aláìnílù, orin ẹni tó ń gbá ilẹ̀. Dúródọlá ń wá, ó ń jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá mi. Ó kàn ń bá mi já irù ẹja. Ọwọ́ rẹ̀ tóbi jù fún un, ó ń já ara ẹja mọ́ ọn, èmi náà kò sì lè sọ fún un pé kó fi sílẹ̀.

Ọ̀nà omi kò ní ẹnubodè. Ìbátan Sẹ̀tọ́njí kan máa ń gbé ẹja tútù wá fún mi láti ọ̀nà Àjàṣẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo da agbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹja, mo sì fa àrọ̀ kan jáde. Ó dúdú, ó ń yọ̀, ó ní irùngbọ̀n méjì lẹ́nu. Mo gbé e lé pákó, mo gbé ọ̀bẹ lé e lọ́rùn, ọ̀bẹ kọ̀. Mo yí i padà. Kò ní ojú kankan. Irùngbọ̀n rẹ̀ méjèèjì, wáyà ni. Mo sì ti fi iyọ̀ ra á lára o. Mo gbé e sínú abọ́, mo fi aṣọ bò ó, mo sáré lọ sábẹ́ igi àgbọn, mo sọ fún Sẹ̀tọ́njí pé ẹja rẹ̀ ti dé, kó wá wò ó bóyá yóò jẹ ẹ́ ní tútù.

Ó fi epo bẹntiróòlù fọ pọ́ǹpù náà, ó dè é mọ́ ìdí táǹkì, ó na wáyà rẹ̀ dé bátìrì. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yẹn, òórùn àrọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jáde kí ẹ́ńjìnnì tó dún. Àmọ́ nígbà tó dún, ó dún. Dúródọlá gbé àpò iyanrìn sẹ́yìn bíi ti àkọ́kọ́. Ọkọ̀ náà gun òkè yẹn láì wúkọ́, ó dé òkè, ó fò sórí títì, a wá ń gbọ́ súfèé rẹ̀ bó ṣe ń lọ réré. Ó pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó dé, Dúródọlá ń làágùn. Sẹ̀tọ́njí béèrè ohun tó dá a dúró. Ó ní kò sí ohun tó dá òun dúró, ìdúró gan-an ni òun kò rí.

Sẹ̀tọ́njí yọjú wo ẹsẹ̀ ọkọ̀, ó ní bíréèkì náà nílò àtúnṣe, kí wọ́n fún òun ní ọjọ́ díẹ̀ sí i. Ọjọ́ ìyàwó sì ti pé. Ayọ̀ ti gun Dúródọlá lórí. Ó ní, "Ẹni tó ń gbé ìyàwó lọ sílé, kí ló fẹ́ fi bíréèkì ṣe?" Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín sí i. Ohun tí yóò mú ọkọ̀ lọ nìkan ló ká wa lára. Èyí tí yóò mú un dúró, kò sí ẹni tó rántí rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ pé. Wọ́n súre fún mi, mo sunkún díẹ̀ nítorí ó yẹ bẹ́ẹ̀, inú mi sì ń dùn. Àǹtí Nurat ka ẹrù, ó tún un kà. Ó gbé ọmọ odó sí iwájú, sí àárín ẹsẹ̀ tirẹ̀ fúnra rẹ̀, pé òun fẹ́ máa rí i. Ó wá mú òwú tí à ń fi hun àwọ̀n, ó fi so bàtà mi mọ́ mi lẹ́sẹ̀, ó dì í ní kókó lórí kókó. Wọ́n gbé àwọn àgbá sẹ́yìn, àwọn ọ̀rẹ́ mi obìnrin sì jókòó yí wọn ká. Dúródọlá wà nídìí ọkọ̀, èmi wà láàárín, Àǹtí Nurat wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Sẹ̀tọ́njí gun alùpùpù rẹ̀ tẹ̀lé wa.

Àgbá mi mẹ́ta, ẹ má sunkún,
Ọkọ̀ aláriwo ti dé;
Bó gòkè, a bá a gòkè,
Bó rì, a bá a rì,
Ilé ọkọ là ń lọ.

A gun òkè iyanrìn yẹn bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn. Iyanrìn ń fò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn obìnrin ẹ̀yìn ń kígbe orin, ẹwìrì ń súfèé, òórùn àrọ̀ gba gbogbo ọkọ̀. Nígbà tí táyà kan títì, Àǹtí Nurat tí kì í rẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín. Mo wò ó, mo ní nínú ara mi pé ó ti bọ́ sí i.

Bí mo ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀ ni mo rí ilé Dúródọlá. Ìyá rẹ̀ dúró síwájú ilé, aṣọ funfun lọ́rùn, abọ́ tánganran tí omi kún inú rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn èèyàn wọn dúró yí i ká, wọ́n ti ń jó bọ̀ wá pàdé wa. Dúródọlá tẹ bíréèkì. Ó tún un tẹ̀. Ó dìde lórí àga, ó fi gbogbo ìwọ̀n ọmọ Èkìtì tẹ̀ ẹ́. A kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọn. Mo rí bí gbogbo orí ṣe yí tẹ̀lé wa lẹ́ẹ̀kan náà, ìyá ọkọ mi sì tún na abọ́ omi sí wa bíi pé a lè gbà á láti ojú fèrèsé. Dúródọlá ni wọ́n sọ ọ́, àmọ́ ọkọ̀ rẹ̀ kò mọ ìdúró.

Nígbà tí ọkọ̀ wá fúnra rẹ̀ dúró, ilé ti jìnnà sẹ́yìn. Dúródọlá mí kanlẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ lé jíà. Àǹtí Nurat gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀. Dúródọlá ní bóyá kí òun yí ọkọ̀ padà nígbà náà, kí iwájú ọkọ̀ ṣáájú. Àǹtí Nurat ní bí iwájú ọkọ̀ bá kọjú sí Aradagun, ibo ni ìyàwó kọjú sí? Dúródọlá ní bóyá ká fi ẹsẹ̀ rìn. Àǹtí Nurat ní ṣé ẹsẹ̀ kì í padà ni. Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún wa pé òun gbọ́ lẹ́nu tíṣà kan ní Aradagun pé ayé rí róbótó, ẹni tó bá ń lọ tààrà yóò dé ibi tó ti kúrò. Ó ní ká máa lọ, ọ̀nà yóò ṣẹ́ kọ́nà níwájú, a ó sì yípo wọ ilé.

Apá kan wa, ọ̀sà ni. Apá kejì, àbàtà ni. Ọ̀nà tó wà níwájú, Sẹ̀mẹ̀ ló ń lọ, kò sì ní in lọ́kàn láti yípo. Síbẹ̀ Dúródọlá fi ọkọ̀ sí jíà, ó sì lọ. Sẹ̀tọ́njí ní Mawu, Ọlọ́run àwọn Ègùn, ló mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí máa já sí, ló bá yí alùpùpù tirẹ̀ padà, nítorí kò gbé ìyàwó, ó lọ gbé ìyá ọkọ mi wá.

Ní Gbaji, àwọn sójà gbé àgbá sí àárín títì, ojúlówó àgbá, wọ́n kun funfun àti pupa sí i lára. Dúródọlá ti rí i láti òkèèrè, ó pa ẹ́ńjìnnì. Súfèé ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀, títí ó fi dà bí ẹni tó ń kùn lójú oorun. Jẹ́jẹ́ la dé. Imú ọkọ̀ kan àgbá, kò lù ú o, ó kàn án bí ewúrẹ́ ṣe ń fi imú kan àgbàdo. Ó wá ń tì í lọ, gbààrà, gbààrà, àgbá níwájú, ìyàwó lẹ́yìn, títí a fi dúró lábẹ́ igi fúrúùtù.

Kọ́pọ́rà tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀, Shamsudeen lorúkọ rẹ̀, wà lórí bẹ́ńṣì, ó ń mu gààrí. Ó mu èyí tó kù tán kó tó dìde, ìyẹn gan-an ló bà wá lẹ́rù. Ó ní kí àwọn obìnrin ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tò. Wọ́n tò. Àmọ́ ọ̀rẹ́ tèmi ni wọ́n, wọn kò lè tò kí wọ́n má kọrin:

A tò, a tò, a ò rí ṣúgà,
A tò, a tò, a ò rí ọṣẹ;
A tò dé Gbaji, a rí ọkọ.

Mo rí i tí ẹnu kọ́pọ́rà fẹ́ yà, ó sì kó o jọ. Ó pàṣẹ fún Dúródọlá pé kó padà sẹ́yìn pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀, kó gbé àgbá ìjọba padà sí ibi tó ti bá a, kó sì dúró níbi tí ọmọ èèyàn ń dúró sí. Ìbọn wà ní èjìká rẹ̀. Ohùn rẹ̀, ohùn ọmọ Ìlọrin ni, kò sì ga.

Dúródọlá sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè rìfáàsì. Ìyàwó ni mo gbé."

Kọ́pọ́rà wò mí, ó wo Àǹtí Nurat, ó wo ọmọ odó. Ó ní kò burú, nígbà tí ọkọ̀ kò lè padà, kí ẹni tó wà á fò bí ọ̀pọ̀lọ́ láti ibi ọkọ̀ dé ibi tí àgbá wà tẹ́lẹ̀, bóyá òun náà yóò rántí ọ̀nà ẹ̀yìn. Dúródọlá di etí rẹ̀ mú, ó lóṣòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ẹni tó bá mọ ọkùnrin yẹn mọ̀ pé kò lè lóṣòó he ṣílè. Ó ń fò, eruku ń sọ, agbádá ìgbéyàwó tó wọ̀ ń tẹ̀lé e bí ìyẹ́ tí kò fẹ́ fò. Orin àwọn obìnrin dá, tèmi náà dá.

Mo wá ronú pé kí ni mo ń wá. Bàtà àti ọmọ odó ti gba ọkọ méjì lọ́wọ́ mi, ṣé orúnkún ọkùnrin yìí ni n ó wá fi san án? Mo yọ orí lójú fèrèsé, mo ní, "Ẹ jẹ́ kó rìfáàsì. Mo ti gbà."

Àǹtí Nurat di apá mi mú. Àmọ́ Dúródọlá fúnra rẹ̀ ló dá mi lóhùn láti ilẹ̀ níbẹ̀, etí lọ́wọ́, èémí kò tó o. Ó ní, "Mọ̀dínátù, mo ti fò ju ìdajì lọ. Má bà á jẹ́ fún mi."

Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ọkùnrin yìí kò ní lọ wá iṣẹ́ sí Gàbọ́ọ̀nù.

Orí ìyẹn la wà tí alùpùpù Sẹ̀tọ́njí fi dé. Ìyá ọkọ mi wà lẹ́yìn rẹ̀, abọ́ tánganran ní àyà. Omi tó kún abọ́ ti wà lára aṣọ funfun, lára Sẹ̀tọ́njí, àti lójú ọ̀nà láti ilé wọn títí dé Gbaji. Ìwọ̀nba ẹ̀kún ẹnu ló kù nínú rẹ̀. Obìnrin náà kò béèrè ìdí tí ọmọ òun fi ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́ níwájú sójà. Ó béèrè ibi tí ẹsẹ̀ wà.

Àǹtí Nurat ṣí ilẹ̀kùn, mo na ẹsẹ̀ síta. Bàtà kò bọ́. Kókó lórí kókó, wọ́n ti le koko. Ìyá ọkọ mi tú u, kò tú. Àǹtí Nurat tó dì í pàápàá tú u, kò tú. Kọ́pọ́rà Shamsudeen ti ń wò wá láti ìgbà náà. Ó wá, ó yọ ọ̀bẹ orí ìbọn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, ó fi ọ̀bẹ náà gé òwú, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ó sì bọ́ bàtà mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ti ṣe é fún àbúrò rẹ̀ rí. Ìyá ọkọ mi da omi. Ó kan ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó kan ẹsẹ̀ òsì, ó tán.

Àwọn obìnrin hó lórí ìlà wọn. Dúródọlá dìde, ọwọ́ ṣì wà létí.

Kọ́pọ́rà tún gbé ojú le. Ó ní ó dára, ìyàwó ti wọlé, kí wọ́n wá padà sẹ́yìn nísinsìnyí kí àgbá ìjọba lè padà sípò. Àǹtí Nurat sọ̀ kalẹ̀, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó kúnlẹ̀ fún un dáadáa bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè bí i. Ó ní, "Ọ̀gá sójà, ibi tí omi ti kan ẹsẹ̀ ìyàwó nilé ọkọ rẹ̀. Iwájú ilé rẹ̀ lẹ dúró sí yìí. Àgbá yín kò lọ́kọ, kò sí ibi tó ń sáré padà sí. Ẹ jẹ́ kó bá wa gbé níbí."

Kọ́pọ́rà wo ibi tí àgbá wà tẹ́lẹ̀, níbi tí oòrùn ti ń yan ilẹ̀. Ó wo abẹ́ igi fúrúùtù, níbi tí òjìji tutù sí. Ó pe àwọn sójà rẹ̀ pé kí wọ́n gbé bẹ́ńṣì wá.

Àwọn onílẹ̀ Gbaji fún wa ní ibi díẹ̀ lẹ́yìn igi náà, Dúródọlá sì fi pákó kan ilé níbẹ̀. Àgbá mi mẹ́ta kò tún rìn mọ́. Gbogbo ọkọ̀ tó ń lọ, tó ń bọ̀, dandan ni kó dúró níwájú àgbá sójà, bó bá sì dúró, òórùn ẹja mi ni yóò kọ́kọ́ bi í léèrè ibi tó ń lọ. Wọ́n á tò fún sójà, wọ́n á tún tò fún mi. Ìyá ọkọ mi kó wá bá wa nígbà tó yá, ó ní òun kò lè gbé omi lọ sí ilé kan, kí òun má gbé inú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì ìyàwó, Sẹ̀tọ́njí wá pẹ̀lú irinṣẹ́ rẹ̀, ó wọ abẹ́ píkọ́ọ̀pù. Àǹtí Nurat bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wò ó, ó béèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Ó ní bíréèkì ni òun ń tún ṣe.

Àǹtí Nurat ní, "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe mọ́? Ṣebí ẹ ti dé."